Bàbá Mi Tí Mo Bí

Ọjọ́ Àtìní, 1 oṣù keje, 2024. Kambolé

Mùsíè Hàrúnà, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ kan tó ń bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n bẹ̀bẹ̀, pè mí láti Sokodé. Ó ní kí n ra ìwé kan, kí n máa kọ gbogbo ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ẹni wa tó wà lẹ́wọ̀n, ìyẹn Sànúsí ọmọ mi, sínú rẹ̀: ọjọ́ wo ni, ta ló pè, kí ló wí. Ó ní lójú àwọn ọ̀gá òun, ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀, kò ṣẹlẹ̀. Mo ní, "Mùsíè, ìyàwó mi ti ń bú mi láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí, àmọ́ ó ń ṣẹlẹ̀." Kò rẹ́rìn-ín.

Ìwé náà rèé. Ti ìṣirò ni, ilà inú rẹ̀ rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí àwọ̀n ẹja, gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá kọ ló ń dà bí ohun tí wọ́n mú. Yorùbá tí mo kọ́ láti kọ nígbà tí mo wà ní Ṣakí ni mo fi ń kọ ọ́. Faransé mi kò kọjá kíláàsì kejì, olùkọ́ ló sì lé mi, èmi kọ́ ni mo sá.

Ohun tí mo mọ̀ nìyí. Nínú oṣù Ràmàdán tó kọjá ni wọ́n mú Sànúsí ní ìlú Lárúbáwá tó ti ń mọlé. Mi ò ní kọ orúkọ ìlú náà síbí. Ó ti gba ọmọ mi, kò ní gba tàdáwà mi mọ́ ọn. Àwọn ọ̀gá ibẹ̀ gba ìwé ìrìnnà àwọn òṣìṣẹ́, wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ sílé. Àwọn òṣìṣẹ́ ní kí àwọn kọ̀wé sí ọba ibẹ̀. Sànúsí ló mọ Lárúbáwá kọ jù nínú wọn, torí ilé kéú tó lọ ní Sokodé kò já sásán. Òun ló kọ ọ́, àwọn méjìlélógún sì tẹ̀ka sí i. Ìjọba ní ìwé náà fẹ́ dá ìlú rú. Láti ọjọ́ náà, a kò gbóhùn rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ Àlàrùbá, 3

Mo lọ sí Sokodé. Òjò ti ba ọ̀nà Tchamba jẹ́. Zémì tó gbé mi ṣubú nínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí ọmọkùnrin tó ń gùn ún sanwó fún mi, torí èmi ni mo ti alùpùpù rẹ̀ jù.

Orúkọ ẹgbẹ́ tí Hàrúnà ń bá ṣiṣẹ́ gùn púpọ̀ ní Faransé. Mo ti sọ wọ́n ní Ẹgbẹ́ Abèèrè, torí iṣẹ́ wọn kò ju ìyẹn lọ. Wọ́n á kọ̀wé sí ọba, wọ́n á ní, "Lágbájá dà?" Bí ọba kò bá fèsì, wọ́n á tún kọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní ìlú òyìnbó á kọ ìwé kan náà. Hàrúnà ní ẹlẹ́wọ̀n tí ayé bá ń bèèrè, ẹ̀rù máa ń ba ọba láti pa á mọ́lẹ̀ láìsí ẹlẹ́rìí. Ó wọ̀ mí létí.

Ẹ̀yà Tem ni Hàrúnà. Yorùbá rẹ̀ jẹ́ ti ọjà: ó tó ra iṣu, kò tó bá ẹni tó ń tà á jà. Ó gbé fọ́ọ̀mù síwájú.

"Bàbá, ta ló wà lẹ́wọ̀n?"

"Bàbá mi."

Ó kọ ọ́. "Orúkọ wọn?"

Ibẹ̀ ló ti le. Orúkọ bàbá tó bí mi ni mo fún ọmọ náà. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, mi ò la ẹnu pè é ní Sànúsí rí. Ṣé ajá ni bàbá mi, tí n óò fi máa ké orúkọ rẹ̀ káàkiri àgbàlá? Bàbá ni mò ń pè é, gbogbo ilé mọ̀. Nínú ìwé, mo lè kọ ọ́, ìwé kò létí. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo rẹ ohùn sílẹ̀: "Sànúsí."

Hàrúnà rò pé ọlọ́pàá ni mò ń bẹ̀rù. Ó ní, "Ẹ má fòyà, Bàbá. Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

Mo ní, "Ó jù mí lọ. Láti ọjọ́ tó ti délé ayé ló ti jù mí lọ, òun ló ń pàṣẹ fún gbogbo wa."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí ní ọjọ́ orí tèmi, mo ní méjìdínlọ́gọ́rin, ó ṣírò, ó kọ nǹkan.

Ó bèèrè fọ́tò. Mo fún un ní èyí tí a yà lọ́jọ́ tí Sànúsí ń lọ: èmi lórí àga, òun ní ìdúró lẹ́yìn mi, ọwọ́ rẹ̀ lórí èjìká mi. Àdùkẹ́ ìyàwó mi kò fẹ́ kó kúrò lára ògiri. Mo jí i.

Ọjọ́ Àtàlátà, 9

Hàrúnà pè. Ó ní òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni kejì nínú ilé gbọ́dọ̀ jẹ́rìí. Mo gbé fóònù fún Àdùkẹ́. Hàrúnà bi í pé, ta ni Sànúsí sí yín?

Àdùkẹ́ ní, "Háà! Bàbá ọkọ mi ni."

Kí ni kó tún wí? Ìyàwó ilé kì í pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ọmọ tó jórúkọ rẹ̀ náà sì ti bọ́ sábẹ́ òfin yẹn. Bàbá ọkọ mi ló ń pe ọmọ inú rẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógójì, àní nígbà tó ń nà án.

Hàrúnà ní ẹ̀rí méjèèjì bára mu. Dósíè, ìwé ẹjọ́ náà, ti lọ.

Ọjọ́ Àìkú, 21

Òjò. Àgbàdo ti gbó. Àdùkẹ́ rí àlàfo fọ́tò lára ògiri, kò bá mi sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Mo sinmi.

Ọjọ́ Alàmísì, 8 oṣù kẹjọ

Hàrúnà pè mí, inú rẹ̀ dùn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà ti gbóná ní ìlú òyìnbó, ó ju gbogbo ti àwọn ẹlẹ́wọ̀n yòókù lọ. Àwọn èèyàn ń sunkún ní ìta gbangba nítorí bàbá mi.

Mo ní kí wọ́n má sun gbogbo ẹkún náà tán, kí wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Ìyá wọn ṣì wà láàyè?"

"Ó wà. Ó ń gúnyán lọ́wọ́ báyìí."

"Alláhù Àkíbárù!" Ó pariwo débi pé Àdùkẹ́ gbọ́ ọ nídìí odó. Mi ò mọ ohun tó yani lẹ́nu nínú iyán.

Ọjọ́ Jímọ̀, 16

Ẹsẹ̀ Àdùkẹ́ wú. Tó bá rìn dé ìdí kànga, ó ní láti dúró mí kó tó padà. Mo ní ọjọ́ orí ló ń mú un. Ó ní, "Bàbá Kàrímọ́tù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọdún méje jù mí, kí ló ń mú yín?" Mo ní, "Ìwọ." Ó sọ sálúbàtà lù mí. Ọwọ́ rẹ̀ kò le mọ́ bíi tàtijọ́.

Ọjọ́ Àtìní, 19

A gbé e lọ sí ọsibítù Tchamba. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló rẹ̀. Ó fẹ́ dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Kàrímọ́tù ọmọ wa obìnrin tó ń gbé Tchamba bẹ̀ ẹ́, èmi náà bẹ̀ ẹ́. Àdùkẹ́ ní fóònù lè dún nílé, kò ní sí ẹni tó máa gbé e.

"Àpò mi ni fóònù wà, ibi tí mo bá lọ ló ń bá mi lọ!"

"Kò mọ ọ̀nà ibí," ó ní. Ó gbé ọ̀já rẹ̀, ó di í, ó jáde. Dókítà kó oògùn lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 25

Iṣu tuntun ti dé ọjà Koussountou. Ó wọ́n. Fàwásì ládàánì bá mi lọ, a jọ gun zémì kan ṣoṣo. Mo bi í bóyá ohùn rẹ̀ gan-an ló ń lé àwọn èèyàn kúrò ní mọ́ṣáláṣí. Ó ní èmi kò tíì dé ibẹ̀ lásìkò débi tí n óò fi mọ̀. Ó tó ogójì ọdún tí a ti ń bá ara wa sọ èyí. Lónìí, nígbà tí a rẹ́rìn-ín tán, ó ní, "Lọ̀tífù, mò ń dárúkọ ọmọ rẹ nínú àdúrà Àsùbáà lójoojúmọ́." Mo yíjú sí ọ̀nà.

Ọjọ́ Jímọ̀, 6 oṣù kẹsàn-án

Ọlọ́run jẹ́ kí n lè kọ eléyìí bó ṣe rí.

A ti ti Jímọ̀ dé. Mo jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, mò ń yín àgbàdo. Mọ́tò kan dúró. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀, ó fi gèlè funfun borí, ó gbá ìwé mọ́ àyà. Ó wò mí. Gbogbo ìwé náà bọ́ sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú èèpo àgbàdo.

"Bàbá! Wọ́n ti dá yín sílẹ̀!"

Mo ní, "Ta ló dè mí?"

"Ìgbà wo lẹ dé?"

"Láàárọ̀ yìí. Oko ni mo lọ."

"Ṣebí ẹ̀yin ni Bàbá Sànúsí?"

"Èmi ni bàbá Sànúsí."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó yọ fóònù, ó fẹ́ pe àwọn ọ̀gá òkè òkun. Èmi náà ti ń dìde, mo rò pé ìròyìn ayọ̀ ló gbé wá fún mi. Nígbà náà ló bi mí pé, "Ọmọ yín dà, èyí tó gbé ẹjọ́ yín wá sí bíró wa?"

Mo ní, "Ọmọ mi ló wà lẹ́wọ̀n."

A wo ara wa.

Mìsìtúrà lorúkọ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá Hàrúnà. Ọmọ àwọn Ànàgó tó ń ta aṣọ ní ọjà Sokodé ni, Yorùbá rẹ̀ mọ́ ju tèmi lọ. Ó ṣa ìwé rẹ̀ nílẹ̀, ó fa ọ̀kan yọ, ó nà án sí mi. Ojú mi ni. Wọ́n ti gé Sànúsí kúrò lẹ́yìn mi, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló kù lórí èjìká mi, ìka mẹ́rin. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ SANOUSSI, 95 ANS.

Mo ní, "Ṣé báyìí ni mo ṣe gbó tó?"

Ó ti fi ọwọ́ bo ẹnu. "Bàbá, kí lẹ sọ fún Hàrúnà?"

Mo sọ ọ́ fún un. Pé Bàbá mi ni. Pé ó jù mí lọ. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, mò ń gbọ́ ọ bí Tem ṣe máa gbọ́ ọ.

Ó kó káàdì jáde, ó kún àpò kan. Àwọn èèyàn ló kọ wọ́n láti ìlú òyìnbó sí ìdílé wa. Ó ka díẹ̀ fún mi. Ọmọdé kan ya arúgbó pẹ̀lú ọ̀pá, ó ní òun ń gbàdúrà fún eékún bàbá àgbà. Eékún mi ń dùn mí lóòótọ́. Àdúrà ọmọ náà ti wá sọ́dọ̀ ẹni tí wọn kò rán an sí.

Mìsìtúrà kò rẹ́rìn-ín, mo sì mọ ìdí rẹ̀ nígbà tó sọ èyí tó gbé e wá. Ìjọba ibẹ̀ ti fèsì. Wọ́n ní àwọn wo gbogbo yàrá ẹ̀wọ̀n wọn, kò sí arúgbó kankan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Sànúsí, irọ́ ni Ẹgbẹ́ Abèèrè ń pa. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọba wọn máa ń tú àwọn kan sílẹ̀ nígbà Máólúdì. Orúkọ àwọn tí ẹgbẹ́ ń bẹ̀bẹ̀ fún ti wọlé lọ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ti Sànúsí wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọdún márùndínlọ́gọ́rùn-ún àti ojú mi.

"Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Mẹ́wàá, Bàbá. A ó gbìyànjú."

Ọjọ́ Sátidé, 7

Mo sọ ọ́ fún Àdùkẹ́. Mo rò pé yóò bú mi títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó gba ìwé náà, ó wo ojú mi lórí rẹ̀, ó wo ojú mi gangan. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n.

"Àwọn òyìnbó ń gbé ojú yìí káàkiri ìgboro?"

"Wọ́n ń sunkún tẹ̀lé e."

"Èmi náà ti sunkún lórí ẹ̀!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Mo di èjìká rẹ̀ mú títí ó fi lọ. Nígbà tó rí èémí, ó nu ojú, ó ní, "Ó ti kó bá yín, Bàbá Kàrímọ́tù. Ẹnu yín."

Èyí ló dùn mí ju èébú lọ.

Ọjọ́ Àtìní, 9

Sokodé. Hàrúnà kò lè wojú mi. Ó ní òun rí i pé ojú inú fọ́tò náà jọ tèmi, òun rò pé mo jọ bàbá mi ni. Ó dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ Yorùbá, tí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Mo ní kó dìde, èmi ni mo fi àwàdà gbẹ́ kòtò, òun kàn ṣubú sí i ni.

Wọ́n ti kọ ìwé àtúnṣe: Sànúsí, ọmọ Lọ̀tífù, ọdún mẹ́rìndínlógójì, mọlémọlé. Wọ́n fi àpá tó wà lágbọ̀n rẹ̀ sí i. Mo ní kí Mìsìtúrà fi ohun kan kún un: pé ojú mi ti wà lọ́wọ́ wọn níbẹ̀, wọ́n ti mọ̀ mí, kí wọ́n jẹ́ kí n wá jókòó sí ipò ọmọ mi. Arúgbó ni wọ́n ń wá, arúgbó ló fẹ́ wá.

Mìsìtúrà ní, "Bàbá, ẹ má bá mi ṣàwàdà lónìí."

Mi ò ṣàwàdà.

Ọjọ́ Àtìní, 16

Máólúdì. Wọ́n kọ wákà ní mọ́ṣáláṣí, mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ. Nígbà tí a jáde, fóònù dún. Ọba ibẹ̀ ti tú èèyàn mọ́kànlélógójì sílẹ̀. Mẹ́ta nínú wọn wà lára àwọn tó tẹ̀ka sí ìwé Sànúsí. Sànúsí kò sí níbẹ̀. Ìwé àtúnṣe pẹ́ dé.

Àdùkẹ́ bi mí pé, "Mélòó?" Mo ní mẹ́ta. Ó ní, "Alihamdulilahi fún ìyá wọn." Ó yíjú sí ògiri.

Ọjọ́ Jímọ̀, 20

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà pè wá, Mùízù, ọmọ Djougou lọ́hùn-ún ní Bẹ̀nẹ̀. Òun àti Sànúsí ni wọ́n jọ wà nínú yàrá kan. Mo gbé ohùn fóònù sókè kí Àdùkẹ́ lè gbọ́.

Ó ní, "Bàbá, ó wà láàyè. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ó wà. Òun ló ń kọ́ wa ní Kùránì."

Àdùkẹ́ ní, "Ṣé ó ń jẹun?"

"Ohun tí wọ́n bá fún wa ni, Ìyá."

Mùízù ní òun fẹ́ sọ ohun kan, òun kò mọ̀ bóyá kí òun sọ ọ́. Mo ní kó sọ ọ́.

Ó ní ní oṣù kẹjọ, wọ́dà kan wọlé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Ó ní ta ni Sànúsí, arúgbó? Sànúsí dìde, ó ní òun ni Sànúsí. Wọ́dà náà wò ó, ó gbé ìwé náà sí i lójú. "Ṣé ìwọ rèé?" Sànúsí gba ìwé náà, ó dì í mú, ó ń wò ó. Wọ́n tún bi í. Ó ní, "Rárá. Bàbá mi nìyí." Wọ́dà gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní bàbá rẹ kò sí níbí, jókòó.

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?" mo ní.

"Ó jókòó, Bàbá. Ó bi mí bóyá òun rí i dáadáa. Ó ní ẹ ti gbó."

Èmi àti Àdùkẹ́ jókòó ti fóònù náà pẹ́ lẹ́yìn tó ti kú. Bó bá jẹ́ pé ó pa irọ́ kan péré, kó ní òun ni, kó ní ìyà ló sọ òun darúgbó, bóyá ì bá ti wà lára àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀! Àmọ́ mi ò kọ́ ọ ní irọ́. Àwàdà ni mo kọ́ ọ.

Ọjọ́ Àlàrùbá, 25

Àdùkẹ́ kú láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn Àsùbáà. Mo rò pé ó ṣì wà lórí ẹní ìkírun ni.

A sin ín kí oòrùn tó kanrí. Òjò kò rọ̀.

Ọjọ́ Àlàrùbá, 2 oṣù kẹwàá

Fídáù ọjọ́ kẹjọ. Wọ́n wá láti Tchamba, láti Bago, àní Hàrúnà wá. Fàwásì jókòó tì mí. Mò ń dúró kó sọ nǹkan nípa mi kí n lè dá a lóhùn. Kò sọ nǹkan kan. Gbogbo wọn ń bọ̀wọ̀ fún mi. Ó burú jọjọ.

Kàrímọ́tù kó aṣọ ìyá rẹ̀ fún àwọn tó yẹ. Mo ní kó fi sálúbàtà yẹn sílẹ̀ fún mi.

Ọjọ́ Alàmísì, 10

Mìsìtúrà pè. Ìjọba ibẹ̀ ti dáhùn ìwé àtúnṣe. Wọ́n gbà pé Sànúsí wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti dá ẹjọ́ rẹ̀: ọdún mẹ́fà. Ẹgbẹ́ yóò máa bèèrè, wọn kò ní dákẹ́. Èyí tí wọ́n rí gbà nísinsìnyí ni pé wọ́n á jẹ́ kó bá ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìṣẹ́jú márùn-ún, ní bíró Sokodé, ní Alàmísì tó ń bọ̀.

Ọdún mẹ́fà. Méjìdínlọ́gọ́rin ni mo wà. Mo kọ nọ́ńbà méjèèjì síbi ilà yìí, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Alàmísì, 17. Sokodé

Mo dé ṣáájú kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Mìsìtúrà fún mi ní tíì, ó wá sọ òfin fún mi. Wọ́n á máa gbohùn wa sílẹ̀, ẹnì kan á sì máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Kí n má dárúkọ ọba. Kí n má sọ̀rọ̀ ẹgbẹ́.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Bàbá mi, ẹ má bínú. Ẹ má ṣàwàdà. Ẹ̀yin náà rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá pè é lólè, wọ́n á kọ ọ́ pé bàbá rẹ̀ jẹ́wọ́ pé olè ni."

Mo ní mo gbọ́.

"Ẹ má sì sọ ti Ìyá fún un. Ẹni tó bá gbọ́ irú ìyẹn níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa dì í mú."

Mo ní mo gbọ́. Ohun tí Kàrímọ́tù náà sọ nìyẹn.

Fóònù dún ní aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀. Ohùn ọkùnrin kan kọ́kọ́ sọ Lárúbáwá. Lẹ́yìn náà:

"Bàbá?"

"Bàbá," mo ní.

Mò ń gbọ́ tí ẹlòmíràn ń mí lórí ìlà.

"Ara yín ńkọ́?"

"Ara le. Alihamdulilahi. Tìrẹ ńkọ́?"

"Ó dáa. Oko ńkọ́?"

"Oko dáa. Iṣu ta."

"Bàbá Fàwásì ńkọ́?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ń kí ọ."

"Kàrímọ́tù?"

"Ó wà ní àlàáfíà."

"Ìyá ńkọ́?"

Mo ní, "Ó wà."

Mo rò pé ìlà ti já. Mìsìtúrà gbé ìka mẹ́ta sókè, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló kù.

"Bàbá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, "ẹ bú mi."

"Kí ni?"

"Ìgbà tí mo pè yín kẹ́yìn, ẹ ní orí mi rí bí ìkòkò tí wọ́n sun jóná. Mo bi yín nípa Bàbá Fàwásì, ẹ ní àwọn ewúrẹ́ ti ń bá a pe ìrun. Lónìí, ẹ ń dá mi lóhùn bí ìwé ìjọba. Ẹ bú mi, kí n gbọ́."

Mo wo Mìsìtúrà. Ó ti gbọ́. Ó mi orí pé kí n bú u, omi ti kún ojú rẹ̀. Mo la ẹnu. Gbogbo èébú tó wà ní Kambolé, èmi ni mo tọ́jú wọn. Mo wá wọn. Kò sí ọ̀kan tó jáde.

Ó ní, "Ìgbà wo ni?"

"Oṣù tó kọjá. Lọ́jọ́ Àlàrùbá. Lẹ́yìn Àsùbáà."

"Ṣé ó mọ̀ pé mo wà láàyè?"

"Ó mọ̀. Mùízù pè, ó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ó bèèrè bóyá ò ń jẹun."

Mo gbọ́ tó gbé èémí mì. Kò sunkún, tàbí kò fẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ wa gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ Fátíhà, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé. Mo dara pọ̀ mọ́ ọn. Ohùn rẹ̀ kò dúró fún tèmi, tèmi kò dúró fún tirẹ̀, a kàn ń lọ. Bí a ṣe dé ibi tí a ti ń tọrọ ọ̀nà tààrà ni àkókò wọn pé, tí wọ́n gé e.

Mo kà á dé òpin. Hàrúnà àti Mìsìtúrà dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọn kò mọ̀ bóyá kí wọ́n wọlé. Èmi nìkan ni mo ṣe àmín.